Ìtumọ̀ "Western": káúbọ́ì ni, kì í ṣe Ìwọ̀-Oòrùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùtumọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Àbá tó wà nílẹ̀ ni ká máa pe àwọn Western (fíìmù oníbọn àti ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́) tí wọn ò náwó púpọ̀ sí ní "fíìmù Ìwọ̀-Oòrùn olówó-pọ́ọ́kú". Mi ò fara mọ́ ọn.

Yorùbá tó bá gbọ́ "Ìwọ̀-Oòrùn", ìjọba Ìbàdàn ayé Awólọ́wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Púpọ̀ nínú fíìmù náà kò sì fojú kan Amẹ́ríkà: aṣálẹ̀ Tabernas ní Almería, ní Sípéènì, ni àwọn ará Ítálì ti yà wọ́n. "Darandaran" tí ẹlòmíràn mú wá kò ṣeé lò, nítorí èèyàn lè wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ tán kó má rí màlúù kan. "Káúbọ́ì" ni àwọn òǹwòran ń pè é. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Olówó-pọ́ọ́kú" ló ká mi lára jù. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Iye tí òǹrajà san ló ń sọ. Owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù la ń wí, owó kékeré yẹn gan-an ló sì bí ohun tó dùn nínú rẹ̀. Nǹkan bí 200,000 dọ́là ni Sergio Leone, olùdarí fíìmù ará Ítálì, fi ṣe A Fistful of Dollars ní 1964. Clint Eastwood, olórí òṣèré rẹ̀, gba 15,000 dọ́là níbẹ̀. Techniscope, ọ̀nà ìyàwòrán tó ń dín róòlù fíìmù kù, ni wọ́n lò: dípò kí àwòrán kan gba ihò 4 létí róòlù náà, 2 ló ń gbà, nítorí náà róòlù mítà 300 tó yẹ kó tán ní ìṣẹ́jú 11 yóò lò tó 22. Àléébù rẹ̀ ni pé àwòrán kéré. Tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ sójú aṣọ sinimá, a máa rí hóró-hóró. Àmọ́ lẹ́ńsì kúkúrú tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń jẹ́ kí ojú ẹni tó wà nítòsí àti ẹṣin tó wà lókèèrè mọ́ kedere pọ̀. Ẹ̀yìn yíyà ni wọ́n ń fi ohùn sí i, òṣèré kọ̀ọ̀kan sì ń sọ èdè tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ètè àti ọ̀rọ̀ kì í fi í bára mu. Ojú, ìdákẹ́jẹ́ àti orin Ennio Morricone ló wá ń sọ ìtàn náà, kódà fún ẹni tí kò gbédè.

Nítorí náà, mo dábàá "káúbọ́ì àfowókékeréṣe", bíi "àfọwọ́kọ". Ẹ ṣọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí "à": tí a bá yọ ọ́, ẹni tó ṣe fíìmù ló dà. Ti Ítálì, "káúbọ́ì Ítálì" ti tó. Ẹ má jẹ́ ká kó "spaghetti", orúkọ oúnjẹ tí wọ́n fi bú wọn, wọlé.