Fóònù iléeṣẹ́ ń bá mi lọ sí Jámánì: ta ni yóò sanwó?

Abíọ́nà, Ọlá-Ìyá: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ lọ kí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Jámánì. Ọ̀gá mi ní kí n mú fóònù iléeṣẹ́ dání, torí orí rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń pè mí. Ṣé kí n yọ síìmù rẹ̀ ni? Ọ̀rọ̀ owó yìí ń kọ mí lóminú gan-an.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Fìà: Ẹ má yọ ọ́ o! Orí nọ́ńbà yẹn ni kóòdù báńkì ń wá. Kí bàálù tó gbéra, ẹ wọ Settings, ẹ pa data roaming, ìyẹn lílo dátà síìmù yín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè. Wi-Fi ilé àbúrò yín ni kí ẹ fi máa ṣe WhatsApp. Nọ́ńbà yín kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n ìpè lásán ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nílé níbí, ẹni tó pè ló ń sanwó. Lókè òkun, ẹ̀yin tí ẹ gbé e náà lè san.

Alágbàwí: Òótọ́ ni. Àwọn ará EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí Jámánì wà nínú rẹ̀, ti ń lo síìmù wọn káàkiri orílẹ̀-èdè ara wọn láìsí àfikún owó láti 2017. Òfin yẹn kò kan síìmù Nàìjíríà. Ẹ gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá yín lákọsílẹ̀ kí ẹ tó kúrò l'Óṣogbo: iye tí wọ́n máa san, àti ẹni tó máa san án.

Abíọ́nà, Ọlá-Ìyá: Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi lórí ímeèlì báyìí.