Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Arbroath o, ọjọ́ kan péré la ní

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Scotland, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú mọ́mì lọ sí Arbroath létí òkun, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Èmi ò lè débẹ̀ kí n má dé Abbey, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ tí ọba William the Lion dá sílẹ̀ ní 1178 o, torí ibẹ̀ ni lẹ́tà 1320 tí àwọn ìjòyè Scotland kọ sí Póòpù pé àwọn ò ní sin ọba Ìńgílándì láéláé ti jáde, tún wo fèrèsé roboto tí wọ́n ń pè ní Round O, wọ́n ní wọ́n máa ń tanná síbẹ̀ láyé àtijọ́ káwọn atukọ̀ lè mọ̀nà wálé, ó wù mí gan-an. Ṣé àtẹ̀gùn ò pọ̀ jù níbẹ̀? Signal Tower ńkọ́, tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù ìtàn Bell Rock, ilé iná orí àpáta inú òkun tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, tó ti ń tàn látọdún 1811, ṣé ó ṣì ń ṣí, ká fi wákàtí kan sí i?

Smokie ni mọ́mì ń bèèrè ṣá: ẹja haddock méjì tí wọ́n fi iyọ̀ sí, so nírù pọ̀, tí wọ́n wá fi kọ́ sórí iná igi. Níbo ni wọ́n ti ń yan án lójú ẹni, lẹ́bàá èbúté?