Ọ̀bọ̀nbọ̀n oníwo tó bọ́ sábẹ́ iná: èwo rèé?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kòkòrò dúdú kan ló bọ́ sábẹ́ iná ìta lálẹ́ àná, ó ń dán, ó fẹ́ẹ̀ gùn tó àtàǹpàkò, ó níwo kan. Imọ̀ ọ̀pẹ kékeré ẹ̀yìn ilé wa náà sì ń yọ bí èyí tí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé. Ṣé òun ni? Ṣé ó ń géni jẹ?

Ẹlẹ́pọ Ṣàgámù: Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìka wọ̀n ọ́n. Tí ìwo orí bá tẹ̀ sẹ́yìn, tí òmíràn tún yọ lẹ́yìn ọrùn tó kọjú síwájú, akọ Augosoma centaurus nìyẹn. Ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 8, inú igi ògùrọ̀ tó ti kú ni ìdin rẹ̀ máa ń wà. Tó bá jẹ́ ìwo orí nìkan, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, Oryctes ni, àfàìmọ̀ kó máa jẹ́ Oryctes monoceros. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ wo ìdí: irun pupa tó ṣù níbẹ̀, abo ni, ìwo tiẹ̀ kì í ju kókó lọ. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́.

Onígbó J4: Kì í géni jẹ, kò sì lóró. Èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń dunni. Tó bá di aṣọ mú, ẹ má fà á. Ẹ máa tú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn.

Ìyá Alágbọn: Ọmọ mi, òun náà ni. Ìdí imọ̀ ló ń gbẹ́ wọlé, á jẹ màrìwò nígbà tó ṣì ká jọ. Tó bá wá là, á rí bíi lẹ́tà V. Èyí tó o rí lónìí ti pẹ́ tó ti jẹ ẹ́. Wá ihò tí ìhá jíjẹ wà lẹ́nu rẹ̀, tẹ orí wáyà líle bí ìwọ̀ ẹja, fi fà á jáde, kó o fi yanrìn dí ihò náà. Má fi ihò sílẹ̀ o! Rhynchophorus, ẹlẹ́nu gígùn yẹn, á yé síbẹ̀. Ìdin tiyẹn ò lẹ́sẹ̀, ọ̀pẹ tútù ló ń jẹ, òun sì làwọn èèyàn ń dín jẹ. Ìdin Oryctes lẹ́sẹ̀ mẹ́fà, ohun tó ti jẹrà ló ń gbé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ ṣé, mà. Ọ̀pẹ kan tí wọ́n gé lulẹ̀ dá ẹmu ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Alágbọn: Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. La igi náà, ṣa ìdin rẹ̀ fún adìẹ, kó o sun ìyókù. Ààtàn ìgbẹ́ ẹran náà, máa tú u wò.