Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀kọ́ wo ni kí n kà láti di olùkọ́ ọmọdé?

Olùbéèrè (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì): Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí wọ́n fẹ́ san owó ilé-ìwé mi, ní dandan ni kí n ka ìṣirò owó, nítorí pé àwọn kò rí tíṣà tí ó kọ́lé rí. Ojú gbogbo àlejò ni wọ́n ti sọ ọ́ níbi ìsìnkú ìyá àgbà wa, díẹ̀ ni ó kù kí àwo ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní ní ilé-ìwé aládàáni kan. Ọ̀kan nínú wọn kì í mọ b yàtọ̀ sí d, orí iyanrìn ni mo ti ń di ìka rẹ̀ mú kọ ọ́ títí ó fi yé e. Ṣé Ẹ̀kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí n yàn ni, àbí Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, tíṣà ni ọkọ mi, a sì kọ́lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 19 ni a fi kọ́ ọ.

Tíṣà Àgbà: Ìrẹsì ni ẹ ń ròyìn, ẹ kò sọ ìwé-ẹ̀rí tí ẹ ní. Ẹ lọ gba NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ máa ń fúnni, ọdún 3 péré ni, ìjọba kò sì ka ẹni tí ìwé rẹ̀ kéré sí i sí olùkọ́.

Ọmọ Adó: N kò gbà. Ẹ̀kọ́ Bàọ́lọ́jì ni mo kà, kíláàsì kejì ni wọ́n fi mí sí. Mo mọ bí a ṣe ń la ọ̀pọ̀lọ́, n kò mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ó kà ní yunifásítì tààrà.

Tíṣà Àgbà: NCE ni ìpìlẹ̀, mo tún un sọ.

Olùbéèrè: Ẹ má bínú. Mo ti gba NCE ní 2022, Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ni. Ẹ̀gbọ́n màmá mi máa ń pè é ní ìwé àwọn tí JAMB kọ̀, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí láti dárúkọ rẹ̀.

Tíṣà Àgbà: Háà! Ẹ kò nílò ìdánwò JAMB mọ́. Fọ́ọ̀mù Direct Entry, èyí tí ẹni tí ó ti ní irú NCE yín fi ń wọ yunifásítì, ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ kan náà; ìpele 200, ìyẹn ọdún kejì, ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tí ó wà ní Ìkẹ́rẹ́ yín ti di yunifásítì, ẹ lè máa ti ilé lọ. Ṣé ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tí ó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀?

Olùbéèrè: Rárá, sà. Ṣé ọdún 3 ni ẹ̀gbọ́n màmá mi yóò wá sanwó rẹ̀, kì í ṣe 4?

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí o bá dé ọ̀dọ̀ wọn.