Iná bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́: ṣé kámà mi ni?

Àgbẹ̀ Ìsánlú:
Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Lóṣù kejì, mo ń sun oko mi. Mo ti ro etí rẹ̀ yíká, mo gbé kẹ́ẹ̀gì omi 2 sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ṣàdédé yí, iná fò wọ oko ìyá kan, kaṣú 11 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná jóná. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní kí n fọkàn balẹ̀, pé Búdà, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Búdà ní Íńdíà àtijọ́, ní ohun tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe nìkan ni kámà, ìyẹn ìṣe tí èrè rẹ̀ ń padà wá bá oníṣe. Òótọ́ ni? Torí mi ò tíì lè gba iwájú ilé ìyá yẹn kọjá.

Tíṣà Kàbà:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. *Cetana* ni wọ́n ń pe mímọ̀ọ́mọ̀ yẹn ní èdè Pali, èdè ìwé ẹ̀sìn Búdà àtijọ́. Búdà ní òun gan-an lòun ń pè ní kámà: inú ló kọ́kọ́ ń pinnu, kí ara, ẹnu tàbí ọkàn tó ṣe é. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain, ẹ̀sìn Íńdíà mìíràn láyé ìgbà náà, ò gbà. Lójú tiwọn, èyí tí ara ṣe ló wúwo jù.

Mọ́ǹkì afọ́jú kan wà, ìyẹn ẹni tó fi ayé rẹ̀ jin ẹ̀sìn Búdà, Cakkhupala lorúkọ rẹ̀. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn lóru lẹ́yìn òjò, ó sì tẹ kòkòrò pa lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sun Búdà. Ó bi wọ́n pé, ṣé ẹ rí i níbi tó ti ń pa wọ́n? Wọ́n ní rárá. Ó ní bí ẹ ò ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ ni Cakkhupala náà ò rí kòkòrò.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀:
Tíṣà, afọ́jú nìyẹn o! Àgbẹ̀, ọmọ mi, ojú tìrẹ ń kọ́? Aago mélòó lo ṣáná?

Àgbẹ̀ Ìsánlú:
Aago 2 ọ̀sán, mà. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń mì, mo rí i. Mo ń kánjú kí ọkọ̀ Kàbà má lọ.

Tíṣà Kàbà:
Háà. Ẹ ò gbèrò àtisun kaṣú ẹnikẹ́ni, ìyẹn ò yí padà. Mọ́ǹkì tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa èèyàn, lílé ni wọ́n ń lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ mọ́ǹkì. Tó bá ṣèèṣì, wọn kì í lé e. Àmọ́ ẹ rí ewé yẹn, ẹ sì ṣáná. Ìkánjú yẹn, inú yín ló ti wá.

Àgbẹ̀ Ìsánlú:
Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá náà láàárọ̀ yìí. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. A jọ lọ sóko, ó fi ọ̀bẹ họ èèpo igi kọ̀ọ̀kan wò. Ọ̀kan ṣì tutù nínú. Kaṣú 11 tí mo kọ lókè yẹn, 10 ni.