Lẹ́tà onígun kọ́, lẹ́tà alátòpọ̀ ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá lánàá pé kí a máa pe lẹ́tà tí wọ́n fi ẹyọ kéékèèké tò ní “lẹ́tà onígun”, kí iṣẹ́ tuntun tí wọ́n bá ṣe bí ẹni pé ayé ìjọ́sí ni wọ́n ti ṣe é sì máa jẹ́ “iṣẹ́ àtijọ́”. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò lè bá yín lọ síbẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyí. Lọ́wọ́ báyìí, mò ń ṣe àmì ìdánimọ̀ fún ìyá oníbúrẹ́dì kan ní Bódìjà. Wọ́n ní kí pátákó àwọn rí bíi ti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Cocoa House parí ní Dùgbẹ̀, ní 1965. Ẹyọ mẹ́ta péré ni mo gé: onígun mẹ́rin, onígun mẹ́ta, àti èyí tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Nígbà tí mo to BÚRẸ́DÌ, ẹyọ títẹ̀ mẹ́rin ló wọ ara B nìkan, méjì wọ ara D. Onígun mẹ́rin kékeré kan jókòó sábẹ́ Ẹ. Onígun mẹ́ta kan náà ni mo yí sọ́tùn-ún fún àmì ohùn òkè, tí mo tún yí sósì fún àmì ohùn ìsàlẹ̀. Igun wo ló wà nínú ikùn B? Josef Albers, tó kọ́ni ní Bauhaus, iléèwé iṣẹ́ ọnà kan ní Jámánì, náà to lẹ́tà báyìí ní àwọn ọdún 1920, òbìrí tí a gé sí mẹ́rin sì wà lára ẹyọ tó lò. Ìrísí ni “onígun” ń sọ. Ohun tí ọwọ́ ṣe ló yẹ kí orúkọ náà sọ.

Ẹlòmíràn ní “alákòójọ”. Ó sún mọ́ ọn, kò débẹ̀. Bí lọ́rì bá já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, àkójọ lásán ni. Ìgbà tí bíríkìlà bá tò ó la tó rí ògiri. Ẹyọ tó ṣe ikùn B lónìí lè ṣe ìdí U lọ́la, ibi tí a bá tò ó sí ló ń sọ ọ́ di nǹkan. “Lẹ́tà alátòpọ̀” ni mo fara mọ́, kí èyí tí a ń tò sì máa jẹ́ “ẹyọ”.

Ti “àtijọ́” ló dùn mí jù. Bí mo bá kọ “àmì àtijọ́” ránṣẹ́ sí ìyá yìí, pátákó wọn tẹ́lẹ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣí ni wọ́n á rò pé mò ń wí. Nǹkan tuntun la ń ṣe, ojú ló fi jọ ti àná. Mo dábàá “ajọtàná”: a-jọ-ti-àná. Ó ṣì ṣàjèjì létí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé lè tú u fúnra rẹ̀.

Àárọ̀ yìí ni mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn: “lẹ́tà alátòpọ̀, pátákó ajọtàná”. Wọn ò béèrè ìtumọ̀. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé ṣé ọ̀dà pupa ni màá lò.