Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kó àwọn tó fẹ́ràn màlúù lọ wo oko l'Ẹ́pẹ̀ẹ́

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi
Ẹ kú ilé o gbogbo ará ibí, ẹ̀yin àgbà mo kí yín. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Àwa kan wà tí ọ̀rọ̀ màlúù ti wọ̀ lára, kì í ṣe pé à ń sìn ín o, púpọ̀ nínú wa ò ní ju adìẹ ẹ̀yìnkùlé lọ, àmọ́ tá a bá ti rí tírélà màlúù nínú gósílóò báyìí àríyànjiyàn lórí ẹ̀yà ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, eléyìí á ní Bunaji ni, tọ̀hún á ní irọ́, wo ìwo ẹ̀, Gudali ni. Wọ́n ti wá ní àfi ká lọ wo màlúù níbi tí wọ́n ti ń sìn ín, torí pé Ẹ̀pẹ́ lèmi ń gbé, orí mi ni gbogbo ètò wá já lé. A ó tó ogún, àwọn ọmọdé á wà níbẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká pàdé ní Ìtóìkín láago méje ní Sátidé kan, ibẹ̀ ló rọrùn fún àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú, ká wo oko kan nítòsí ibẹ̀, ká kọjá sí òmíràn lápá Ìlárá, ká fi gáà Fúlàní kan parí ẹ̀, ká wá lọ jẹun lọ́jà ẹja Olúwo. Mo fẹ́ kí wọ́n rí gbogbo ẹ̀yà tá a ní ní Nàìjíríà pátá. Ṣé ọjọ́ kan á gbà á? Ṣé owó ni wọ́n máa ń san fún olóko àbí ẹ̀bùn? Àwọn kan tiẹ̀ ní àwọn fẹ́ mu wàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lọ́mú màlúù, ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí.

Alhaja Onímàlúù
Oko mẹ́ta lọ́jọ́ kan kẹ̀? Ọmọ mi, má bínú o, tèmi náà wà lọ́nà Ìtóìkín yẹn, tí mo bá gbọ́ pé ẹ ti oko ẹlòmíràn dé mi ò ní ṣí géètì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkà. Àrùn ẹnu àti pátákò wà nílẹ̀ yìí, bàtà yín lè gbé e, táyà bọ́ọ̀sì yín lè gbé e, ẹ̀yin fúnra yín ò ní mọ nǹkan kan. Tó bá wọlé báyìí, itọ́ á máa dà lẹ́nu màlúù, á máa tiro, kò ní lè jẹun, wàrà á gbẹ. Àgbà ẹran kì í sábà kú sí i, àmọ́ ó lè pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Ta ló máa sanwó ẹ̀ fún mi, ṣé ẹni tó wá ya fọ́tò ni?

Dókítà Ẹran
Alhaja ti sọ ọ́ tán. Àbúrò, oko kan péré ni kó jẹ́. Tó bá wá di dandan kẹ́ ẹ dé ibi méjì, ibi tí wọ́n ti ń fún wàrà tí ọmọ màlúù sì wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, gáà ló máa kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti dé Kara ní Berger tàbí ọjà ẹran èyíkéyìí lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó dúró sílé.

Ní ti bàtà, ẹ kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ kúrò kẹ́ ẹ tó tẹ inú omi oògùn, torí oògùn tó bá bọ́ sórí ìgbẹ́ ti ṣòfò nìyẹn. Izal táwọn èèyàn máa ń bù sínú bàsíà lẹ́nu géètì ò fi bẹ́ẹ̀ ran àrùn yìí, Virkon lèmi máa ń lò. Wàrà tútù ńkọ́? Rárá o! Àrùn brucellosis ń bẹ níbẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ń bẹ níbẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń ran èèyàn. Ẹ sè é kó hó dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu, pàápàá àwọn ọmọdé.

Ọmọ Àgbádárìgì
Èmi ò níṣòro pẹ̀lú oko, "gbogbo ẹ̀yà pátá" yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Bọ̀dá mi, Kuri wà lọ́dọ̀ọ́ adágún Chad lọ́hùn-ún, màlúù tí ìwo ẹ̀ wú bí akèrègbè tó sì mọ omi wẹ̀ dáadáa, báwo lẹ ṣe fẹ́ rí i ní Ìlárá? Rahaji pupa yẹn, tírélà ló ń gbé e wá láti òkè ọya, ọ̀bẹ ló sì ń wá pàdé. Àwọn tó fẹ́ sìn ín níbí máa ń jìyà ẹ̀, torí tó bá di ọ̀rọ̀ àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, Rahaji ò lágbára rárá, Bunaji sàn jù ú lọ. Àwọn tí àrùn yẹn ò lè tètè dá wó ni Muturu, kékeré báyìí, kò ní iké lẹ́yìn, àwọn ará abúlé ilẹ̀ igbó ló ń sìn ín látayébáyé, àti N'Dama tó wá láti òkè Fouta Djallon ní Guinea. Keteku náà wà, Muturu tó bá irú àwọn Bunaji lò pọ̀ ló bí i, apá Borgu ló pọ̀ sí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi
Ẹ ṣeun gan-an o. Ṣùgbọ́n tá ò bá lè rí àwọn ẹ̀yà yòókù yẹn nítòsí, ṣé kí n wá sọ fún ogún èèyàn pé Bunaji nìkan la máa wò? Wọ́n á ní kí n dá owó ọkọ̀ àwọn padà.

Ọmọ Àgbádárìgì
Kí ló ṣe Bunaji? Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀yà màlúù lóòótọ́, ogún Bunaji nínú ọgbà kan tó o fún odindi àárọ̀. Ẹ yẹ etí wò, dúdú ni, imú dúdú, irun funfun àmọ́ awọ abẹ́ ẹ̀ dúdú. Ìwo ẹ̀ á jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gòkè, ṣóńṣó orí ẹ̀ á tún ṣí síta. Tẹ́ ẹ bá wá rí èyí tí ìwo ẹ̀ kúrú, tí awọ ọrùn ẹ̀ rọ̀ jọwọlọ, ẹ bi olóko léèrè ìyá ẹ̀, ó lè jẹ́ pé Gudali ti gba ibẹ̀ kọjá. Ibi tí àríyànjiyàn yín ti máa dùn nìyẹn, torí púpọ̀ nínú màlúù tá a ń rí ló ti dàpọ̀. Lójú tèmi, oko tí wọ́n ti gba àtọ̀ Friesian, màlúù oníwàrà ilẹ̀ òkèèrè, sára abo Bunaji ló yẹ kẹ́ ẹ wá. Ẹ ó rí ìyá funfun, ẹ ó rí ọmọ tó ti ní dúdú lára, ẹ ó wo ọmú méjèèjì. Bunaji tó ń jẹ koríko lásán, lítà kan sí méjì lóòjọ́ ló máa ń kù fún èèyàn lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu tiẹ̀, Friesian gidi nílẹ̀ òkèèrè máa ń ju ogún lítà lọ. Àmọ́ ẹ gbé e wá sínú ooru ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà yìí kẹ́ ẹ wò ó. Ìdí tí wọ́n fi ń dà wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Ìyá Oníwàrà
Ẹ jẹ́ kí n bá a yín sọ ti gáà, torí mo ń ra wàrà lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ibi téèyàn ń já lù. Ẹ rán ẹni tí wọ́n mọ̀ lọ bá Séríkí, olórí wọn, ṣáájú. Ẹ má bi wọ́n pé màlúù mélòó lẹ ní, wọn ò fẹ́ ẹ, ta ló máa ń bi yín pé èló ló wà ní báńkì yín? Àwọn obìnrin ló ni wàrà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, àwọn lẹ máa bá nájà, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Èmi ní tèmi, ogún èèyàn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ti pọ̀ jù.

Bàbá Táíyé
Wọ́n lè rò pé ìjọba ló rán yín wá pẹ̀lú. Láti September 2021 tí Gómìnà Sanwo-Olu ti buwọ́ lu òfin tó ní kí wọ́n má da ẹran jẹ̀ káàkiri l'Ékòó mọ́, ọkàn àwọn darandaran ò balẹ̀ sí àlejò. Oko tó ní ọgbà ni kẹ́ ẹ lọ jàre. Ẹ sì bẹ àwọn èèyàn yín kí wọ́n má gbé àdírẹ́sì oko sórí Facebook, olè màlúù ń kàwé.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi
Ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí létí. Gáà ti kúrò níbẹ̀, Ìlárá náà ti kúrò. Oko kan ṣoṣo la máa lọ, Olúwo dúró o, ìyẹn ni mi ò lè gbé sílẹ̀. Tá a bá ti rẹ́ja jẹ, inú wọn á dùn. Ó ku owó olóko àti àwọn ọmọdé.

Dókítà Ẹran
Ẹ bá olóko dúnàándúrà ní orí ẹni kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún àwọn tó ń tọ́jú ẹran ní tiwọn lọ́tọ̀, torí iṣẹ́ wọn lẹ dá dúró. Ọmọdé ò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà, ẹ̀yìn wáyà ni kí wọ́n ti wò ó. Màlúù ò lè rí ẹni tó dúró gan-an lẹ́yìn ẹ̀, tó bá gbúròó èèyàn níbẹ̀ á ta ìpá, èyí tó bá sì bímọ tuntun, kódà kó jẹ́ onísùúrù tẹ́lẹ̀, ẹ yà fún un. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí àǹbùrẹ́là lójijì. Òjò Ẹ̀pẹ́ ò níwà, torí náà kó jẹ́ ìgbà ẹ̀rùn, tí bọ́ọ̀sì á lè jáde.

Alhaja Onímàlúù
Tó bá jẹ́ oko kan lóòótọ́, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ní Bunaji, mo ní mẹ́rin tó jẹ́ ọmọ Friesian, èèpo pákí àti koríko tá a gé ni mò ń fún wọn, ẹ ó rí i bá a ṣe ń pò ó. Kó tó aago mẹ́jọ kẹ́ ẹ ti dé, ká fún wàrà lójú yín, màá sè é fún yín. Réènbúùtù mẹ́jọ ló wà nílẹ̀, àwọn tó kù á gbé tiwọn wá, kó mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá wọ bàtà gogoro wá, ẹnu géètì ló máa dúró sí kó máa bá ajá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Gidi
Ẹ ṣé o Alhaja, màmá wa! Mo ń bọ̀ ní ínbọ́ọ̀sì yín.